Ewé ń pọ́n ní Òkè Ògùn náà: ìdí tí igi fi ń wọ́wé, àti ibi tẹ́ ẹ ti lè lọ wò ó

Bí oṣù Kẹwàá bá ti wọlé báyìí, ẹ ṣáà ṣí WhatsApp yín. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Peckham á ti gbé fọ́tò síta: òun rèé nínú páàkì, ó wọ kóòtù, ó wé nǹkan mọ́rùn, ewé pupa àti ewé tó dà bí ìyeyè tẹ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ẹní. Kò ní pẹ́ tí àbúrò tó wà ní Kánádà á gbé tirẹ̀ náà jáde. Àwa tá a wà nílé á máa fi ọkàn pupa ránṣẹ́, a ó máa kọ ọ́ pé "ó rẹwà o".

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ àǹtí mi kan tó ń gbé ní Ìkejà fi ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò yẹn hàn mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí igi tiwa kì í ṣe báyìí?" Mo ní ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Kì í ṣe àwàdà. Igi tiwa náà ń pọ́n, wọ́n sì ń wọ́wé. Kì í kàn án ṣe oṣù Kẹwàá ni, kì í sì í ṣe òtútù ló ń fà á. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń mú un wá, ọyẹ́ sì ni àmì rẹ̀.

Ìlú mi ni Ìgànná, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwájọwà, apá ibi tí Òkè Ògùn ti kángun sí ààlà orílẹ̀-èdè Benin. Bí ẹ bá sọ fún ará Ìgànná pé ẹ ń lọ sí páàkì, ohun tó máa bi yín ni pé mọ́tò ibo lẹ fẹ́ wọ̀. Páàkì lọ́dọ̀ wa, ibi tí awakọ̀ ti ń kó èrò ni. Nítorí náà, kò sí ẹni tó ń múra pé òun ń lọ wo ewé. Ẹni tó ń lọ sóko ló ń rí i, ojú rẹ̀ sì ti mọ́ra débi pé kò kà á sí nǹkan kan mọ́. Àmọ́ ẹ wá dúró lẹ́bàá ọ̀nà láàárín Òkèhò sí Ìgànná ní ìparí oṣù Kejìlá, ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, nígbà tí ọyẹ́ ṣì bo ojú ọ̀run. Koríko ti di pupa rúsúrúsú. Ewé àyìn ti ń pọ́n. Igi òrí ń já tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò yá lára. Àràbà ti bọ́ gbogbo aṣọ, ó dúró ní ìhòòhò, ojú ò tì í. Nígbà tí oòrùn bá wá yọ láàárín wọn, á rí rogodo bíi pupa ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀, èèyàn á sì lè wò ó tààrà láìdijú. Mi ò tíì rí ẹni tó ya fọ́tò yẹn tó sì dáa tó bó ṣe rí lójú.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ kan. Nínú èdè wa, a máa ń ní ewé "pọ́n". Ọ̀rọ̀ kan náà tí à ń lò fún ọsàn àti ìbẹ́pẹ tó tó jẹ ni. A kì í ní ewé ń kú. Ó jọ pé àwọn baba wa ti fara balẹ̀ wò ó dáadáa, torí pé ohun tí sáyẹ́ǹsì sọ náà nìyẹn: ewé tó ń pọ́n kì í ṣe ewé tí àìsàn ń ṣe. Iṣẹ́ kan ló ń lọ lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ wo? Ohun tó mú kí ewé ní àwọ̀ ewé là ń pè ní klorofíìlì. Òun ni igi fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti se oúnjẹ ara rẹ̀. Klorofíìlì ò lálòpẹ́, ṣe ni igi gbọ́dọ̀ máa ṣe tuntun ní gbogbo ìgbà, ìyẹn sì ń ná an ní omi àti èròjà. Àwọ̀ mìíràn wà nínú ewé láti ìbẹ̀rẹ̀, klorofíìlì ló bò ó mọ́lẹ̀. Irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà nínú kárọ́ọ̀tì àti àgbàdo pupa, òun náà ló sì mú kí epo pupa pọ́n. Nígbà tí igi bá ti pinnu pé òun fẹ́ wọ́wé, kò ní ṣe klorofíìlì tuntun mọ́. Èyí tó wà nílẹ̀ á máa tú ká, igi á máa fa èròjà tó wúlò nínú ewé, pàápàá náítírójìn, padà sínú ẹ̀ka àti ìtì. Bí ayálégbé tó fẹ́ kó kúrò nílé ni: kó tó jáde, ó ti tú gílóòbù, ó ti tú fáànù, ó ti yọ kọ́tìnì. Ohun tó ṣẹ́ kù lára ògiri lẹ wá ń rí yẹn, àwọ̀ ìyeyè tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Pupa tó jin, tó dà bí ẹ̀jẹ̀, yàtọ̀ díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun tó ti wà nílẹ̀, igi ló ń ṣe é lákọ̀tun nígbà tí ewé bá kù díẹ̀ kó já. Irú àwọ̀ tó wà nínú sóbò ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkó ti rí i láìmọ̀: igi furúùtù tó wà níwájú ilé-ìwé tàbí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, tó ń pọ́n ròrò kó tó bọ́ sórí mọ́tò èèyàn. Ilẹ̀ Éṣíà ni furúùtù ti wá, ṣùgbọ́n ta ló tún fẹ́ bi í ní ìwé ìgbélùú báyìí?

Ní ìdí ewé, níbi tó ti so mọ́ ẹ̀ka, igi á wá kọ́ ògiri tín-ín-rín kan tó dí ọ̀nà omi. Lẹ́yìn ìyẹn, afẹ́fẹ́ kékeré ti tó. Ojú ibi tí ewé ti já ti ń jinná kó tó já rárá.

Ìdí tí ti London fi máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni pé ọjọ́ ń kúrú níbẹ̀. Lóṣù Kẹfà, ojúmọmọ ní London lé ní wákàtí 16. Nígbà tó bá fi máa di ìparí oṣù Kejìlá, kò ní pé wákàtí 8. Igi mọ̀ ọ́n lára, òtútù sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní Ìgànná, ọjọ́ tó gùn jù lọ nínú ọdún fi nǹkan bíi wákàtí 1 péré gùn ju èyí tó kúrú jù lọ lọ. Omi ló ṣe pàtàkì jù fún igi lọ́dọ̀ wa. Òjò máa ń rọ̀ ní Òkè Ògùn láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá. Lẹ́yìn náà, ọyẹ́ á fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, á máa fa omi lára gbogbo ohun tó bá bá pàdé, títí kan ètè yín. Ihò kéékèèké wà lára ewé tí omi ń gbà jáde. Igi tó bá kọ̀ láti wọ́wé lásìkò yìí dà bí ẹni tó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ nígbà tí táńkì ti fẹ́ gbẹ.

Nítorí pé omi ni, tí omi abẹ́ ilẹ̀ ò sì dọ́gba níbi gbogbo, oníkálukú igi ló ní àsìkò tirẹ̀. Èyí tó wà lórí àpáta á kọ́kọ́ wọ́wé, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́bàá odò á ṣì dúdú mìnìjọ̀. Igi tíìkì lè dúró di oṣù Kìíní tàbí Kejì kó tó tú tirẹ̀ palẹ̀, ariwo ẹsẹ̀ lórí ewé rẹ̀ gbígbẹ á sì dà bí ẹni ń rìn lórí páànù. (Bí ẹ bá rí ewé tíìkì tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ẹ fọwọ́ rá a. Ọwọ́ yín á pọ́n. Bá a ṣe ń dẹ́rù ba ara wa nílé-ìwé nìyẹn, tá a ní a ti fara pa.) Kódà igi kan wà ní Òkè Ọya tí àwọn Hausa ń pè ní gáwò, ìgbà òjò nìyẹn ń wọ́wé, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń rúwé. Olórí kunkun.

Ohun tó tún wá yà mí lẹ́nu jù lọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fiyè sí i ni pé púpọ̀ nínú igi ọ̀dàn kì í dúró de òjò kí wọ́n tó rú ewé tuntun. Lóṣù Kejì sí Ìkẹta, nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ tó ń là, gbòǹgbò tó ti lọ jìnnà sí ìsàlẹ̀ á fa omi wá, ewé tuntun á yọ. Ewé tuntun náà sábà máa ń pọ́n. Ẹ wo màngòrò tó wà ládùúgbò yín: ewé ọmọ tuntun rẹ̀ pupa bíi bàbà, ó rọ̀, ó ń dán. Ìyẹn ni pé pupa tẹ́ ẹ máa rí lórí igi ní Òkè Ògùn lè jẹ́ ti arúgbó ewé, ó sì lè jẹ́ ti ọmọ ọwọ́. Lórí ilẹ̀ kan náà, láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Ará Peckham ò ní irú ẹ̀. Tiwọn á wà ní ìhòòhò fún oṣù mélòó kan kó tó rúwé.

Pónpólà á tún wá da gbogbo rẹ̀ rú, á wọ́wé tán pátápátá, á wá fi òdòdó pupa bo gbogbo ẹ̀ka. Igi irú náà á so òdòdó tirẹ̀ rogodo rogodo rọ̀ sílẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù, àdán ló sì ń wá a wá lóru.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ń dun mí rèé. Nítorí a kì í wò ó, a ò mọ̀ ọ́n. Ilé-ìwé kan wà tí mi ò ní dárúkọ. Igi apá ńlá kan wà nínú ọgbà wọn, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Lóṣù Kejì ọdún kan, igi náà wọ́wé tán. Ẹnì kan ní ó ti kú, pé ó lè wó lu ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n pe àwọn tó ń fi ẹ́ńjìnnì gé igi. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo kọjá. Ojú ibi tí wọ́n gé tutù rinrin, ewé kéékèèké pupa sì ti ń yọ lórí ẹ̀ka tó wà nílẹ̀. Ó gba ọjọ́ méjì kí àwọn ewé yẹn tó rọ. Elédùú ló ra igi náà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú ìdájọ́ yẹn kan igi àdúgbò yín. Ẹ fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ní àwọ̀ ewé tó sì tutù, igi ń sinmi ni. Bó bá gbẹ, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ dán ẹ̀ka mìíràn wò, lórí àti nísàlẹ̀. Ẹ̀ka tó wà láàyè máa ń tẹ̀; èyí tó ti kú á ṣẹ́ páú. Ó dáa kẹ́ ẹ sì ní sùúrù títí òjò méjì mẹ́ta á fi rọ̀.

Ọ̀rọ̀ èédú yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Òkè Ògùn. Láti Ìsẹ́yìn lọ dé Ṣakí, ẹ ó rí àpò èédú tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà bí àpò gàrí. Ó ń lọ sí Ìbàdàn, ó ń lọ sí Èkó, ó ń lọ sókè òkun. Láti ìgbà tí gáàsì ti wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé tó ti gbàgbé èédú ló ti padà sídìí rẹ̀, ká má sì gbàgbé àsun tí à ń jẹ lálẹ́ Friday. Igi líle ni elédùú fẹ́, ìyẹn àyìn, apá àti igi òrí. Ẹ̀ẹ̀rùn tí igi wà ní ìhòòhò ni iṣẹ́ wọn ń yá jù, torí ọ̀nà gbẹ, mọ́tò lè wọ igbó. Mi ò bá wọn jà o. Ẹni tí oko rẹ̀ kò mú nǹkan wálé, tí owó ilé-ìwé ọmọ dúró sí i lọ́rùn, èédú ni owó tó yá jù. Àmọ́ igi òrí lè gba ọdún 15 sí 20 kó tó so dáadáa. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó èso òrí tútù lọ sókè òkun fún oṣù 6, kí èrè rẹ̀ lè dúró nílé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n igi tí wọ́n ti sọ di èédú ò ní so èso fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ nílé, ì báà jẹ́ lókè òkun.

Iná ni èkejì. Gbogbo ewé tó já yẹn, pẹ̀lú koríko gbígbẹ, bí ìgbà téèyàn da bẹntiróòlù sílẹ̀ ni. Ọdẹ ń sungbó lé ẹran jáde, darandaran ń sungbó kí koríko tútù lè yọ, àgbẹ̀ ń sun oko kó tó gbin nǹkan, ẹlòmíràn kàn ju àmugbó sígá sílẹ̀ ni. Ẹni tó bá gbé ní Òkè Ògùn mọ màjàlà, eérú dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń fò wá bà lé aṣọ téèyàn sá. Bí igbó bá ti jó níbì kan, òun ni olófòófó.

Ṣé gbogbo iná ló burú bákan náà? Rárá, a sì ní ẹ̀rí rẹ̀ nílé níbí. Ní 1929, àwọn onímọ̀ igbó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní igbó ọba Olókèmejì, láàárín Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta. Wọ́n pín ilẹ̀ sí mẹ́ta. Wọ́n ń sun ìkíní ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọọdún, nígbà tí koríko ò tíì gbẹ tán. Wọ́n ń sun ìkejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo ewé ti já tó sì ti gbẹ. Wọn ò jẹ́ kí iná dé ìkẹta rárá. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, èyí tí iná ò dé ti di igbó kìjikìji. Èyí tí wọ́n ń sun níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ṣì ní igi dáadáa. Èyí tí wọ́n ń sun nígbẹ̀yìn ẹ̀ẹ̀rùn, koríko ló gbà á, igi rẹ̀ sì dín kù. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà. Àsìkò iná nìkan ló yàtọ̀. Nítorí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá rí iná lóṣù Ìkẹta, tí igi ti ń yọ ewé ọmọ ọwọ́, ẹ mọ̀ pé èyí tó ń pani lára jù lẹ ń wò yẹn.

Ó yá, ibo lẹ lè lọ?

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ igbó gidi, Old Oyo National Park ni. Igbó ọba méjì ni wọ́n so pọ̀, ọ̀kan láti 1936, èkejì láti 1941, ó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991. Ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró. Ìsokùn ní Ọ̀yọ́ ni olú ọ́fíìsì wọn wà. Ẹ kàn sí wọn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ bi wọ́n apá ibi tó ṣeé lọ lásìkò náà àti bí ọ̀nà ṣe rí ní ti ààbò. Ẹ má dá ara yín mú lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni àsìkò tó dáa jù, torí ewé ti já, ojú ń ríran jìnnà, ẹranko sì ń wá sí ìwọ̀nba omi tó kù. Inú ọgbà yìí ni àwókù Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú ìlú tí àwọn èèyàn fi sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1830. Igi oṣè sábà máa ń wà níbi téèyàn ti gbé rí, bẹ́ ẹ bá rí i ní ìhòòhò níbẹ̀ nínú ọyẹ́, ẹ ó mọ̀ pé ẹnì kan ti jókòó lábẹ́ rẹ̀ rí.

Adó-Àwáyè, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni èmi fẹ́ràn jù fún ẹni tó ní ọjọ́ kan péré. Àtẹ̀gùn 369 ló gun òkè náà, adágún Ìyákè wà lórí rẹ̀, ẹ ó sì rí ọ̀dàn tó tẹ́ lọ bí aṣọ òfì tí wọ́n sá sóòrùn. Láti Ìbàdàn, ẹ lè gba Mọ́níyà lọ sí Ìsẹ́yìn, ó tó kìlómítà 65. Bẹ́ ẹ bá ní ọjọ́ kejì, ẹ gba Òkèhò kọjá sí Ìgànná.

Tí ìrìn àjò ò bá rọrùn, ọgbà igi tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn dáa. Lekki Conservation Centre lẹ́wà, afárá rẹ̀ tó ga, tó gùn tó mítà 401, tó ohun téèyàn ń gùn, àmọ́ ilẹ̀ omi ni, ẹ má lọ síbẹ̀ pé ẹ ń wá igi tó wọ́wé. Furúùtù iwájú ilé yín sàn jù ú fún ìyẹn.

Ẹ wọ bàtà tó bo kókósẹ̀, torí paramọ́lẹ̀ fẹ́ràn abẹ́ ewé gbígbẹ, ó sì jọ ewé gbígbẹ. Ẹni tó ní ikọ́ fée kó mú oògùn rẹ̀ dání, eruku ọyẹ́ ò mọ ọ̀rẹ́. Omi, ìpara, ìbòmú. Ẹ má tan iná kankan.

Èmi ń lọ sílé ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá. Ọmọ àǹtí mi tó fi mí rẹ́rìn-ín ní òun á tẹ̀lé mi. Ó bi mí lánàá bóyá òun lè mú kóòtù dání fún fọ́tò. Mo ní kó mú un, pé kì í ṣe fún fọ́tò nìkan. Ọyẹ́ aago mẹ́fà àárọ̀ ní Ìgànná kì í ṣeré.